Ọmọ Tí Ò Mojú

Ọmọ mi gé olùkọ́ rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, láago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí wọ́n ń kọrin lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó ju bàtà lu ẹlòmíì. Obìnrin tó pè mí láti ilé ìwé fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí mi kú oríire, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ yé. Nílùú yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ burúkú kàn ọ́ lára, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ààyè wà fún ọ láti gbọ́ ọ.

Múnírá lorúkọ ọmọ náà. Òun nìkan la bí. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ gbé e kúrò ní Muṣin lọ sí ìlú kan lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà lásìkò tí mò ń sọ yìí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́, òun ni wọ́n fún níwèé ìrìnnà. Èmi bá a lọ bí ẹrù.

Gbogbo èèyàn ló ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi kí n tó lọ. Mo ra kóòtù mẹ́ta ní Yábàá, kò sì sí èyí tó wúlò nínú wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀. Oṣù mẹ́rin la fi gbé àdúgbò náà kí n tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé tó lẹ̀ mọ́ tiwa. Ọjọ́ tí ọkọ̀ àwọn aláìsàn wá gbé bàbá náà ni mo rí i. Mo sáré jáde, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó àìsàn náà ràn án.

Pẹ́ńtà ni mí. Mọ́tò ni mò ń kùn ní Muṣin, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, mo ní àwọn oníbàárà tó ń ti Ìlúpéjú wá bá mi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ni mo ti rí nǹkan ṣe, wọ́n sì fún mi ní aṣọ ìnulẹ̀ àti korobá. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi nu bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan ń wá àwọ̀ pupa tó máa bá ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì kan mu, kò rí i. Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú. Mo po ọ̀dà náà lójú rẹ̀, mo kùn ún. Ó dúró síbẹ̀ títí, kò mọ ibi tí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti padà sídìí ọ̀dà.

Mo pe Màámi lọ́jọ́ náà pé wọ́n ti dá iṣẹ́ mi padà fún mi. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ni?" Mi ò tíì sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ni mò ń nù.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, ilé ìwé kọ lẹ́tà sí wa. Ó gùn, ó kún fún ìkíni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé bí Múnírá bá ń bá a lọ báyìí, ibòmíì la ó máa mú un lọ. Mo tún pe Màámi. Wọ́n ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé wa ní Muṣin. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán.

"Ó gé tíṣà jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lẹ wá ṣe fún un?"

"A bá a sọ̀rọ̀, mà."

Mo ń gbọ́ oníbàárà kan lẹ́yìn wọn tó ń bèèrè síìpù dúdú gígùn.

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀," ni Màámi wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé e wá fún mi. Tí táámù yìí bá ti parí, gbé e wá. Ṣé ìwọ náà ò le jù báyẹn lọ ni? Mo sáà tún ẹ ṣe."

Mo ní ó dáa. Kí n má parọ́, ọkàn mi fúyẹ́. Ìyàwó mi sunkún, lẹ́yìn náà ó ní bóyá ohun tó máa dáa fún un nìyẹn. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kan níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ síta. Wọ́n á kàn ní ọmọ lọ kí ìyá àgbà, ìkíni náà á sì gba ọdún mẹ́fà. A ra tíkẹ́ẹ̀tì: ti èmi ní àlọ àti àbọ̀, ti Múnírá ní àlọ nìkan.

Nínú ọ̀sẹ̀ kan náà ni ilé ìwé pè wá sí ẹgbẹ́ ìdílé kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ti ń jẹun ọ̀sán. Wọ́n ní kì í ṣe ìjìyà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mójú tó ìwà ọmọ kó tó di wàhálà tí apá ò ní ká mọ́, àti pé gbogbo ilé ni àwọn máa ń pè, àwọn kì í pe ọmọ nìkan. Ìdílé mẹ́jọ la jẹ́. A ó jọ jẹun, àwọn ọmọ á lọ sápá kan, àwọn òbí á jókòó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà òbí kọ̀ọ̀kan á bá ọmọ tirẹ̀ ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàwó mi máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú, nítorí náà èmi ni mo lọ. Mo lọ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wá.

Líńdà ni orúkọ obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ náà, ó sì ní ká máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ó fi ọdún bíi mẹ́wàá jù mí lọ, ẹnu mi ò gbà á. Àǹtí Líńdà ni mò ń pè é. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo wọn ló ti ń pè é ní Àǹtí Líńdà, títí kan bàbá ìbejì kan tó rò pé oyè ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ kéèkì ṣẹlẹ̀. Àǹtí Líńdà gbé e wá sídìí tábìlì wa, ó bi Múnírá bóyá ó máa jẹ sí i. Múnírá ti jẹ méjì. Mo ṣẹ́jú sí i.

Ẹni tó bá dàgbà nílé wa mọ ojú yẹn. Ohun tó ń wí ni pé: sọ pé o ti yó, dúpẹ́, má jẹ́ kí n wò ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Màámi lè jókòó sí ìpẹ̀kun yàrá, kí wọ́n fi ojú yẹn gba ẹran lẹ́nu mi.

Múnírá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹjú mọ́ mi dáadáa.

"Dádì," ló wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni?"

Gbogbo tábìlì yíjú sí mi. Àǹtí Líńdà ní òun ní oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú nínú báàgì òun. Mo tún ṣẹ́jú, èyí tó le gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Múnírá mú kéèkì méjì, ó sì gbé ọ̀kan síwájú mi nítorí pé ojú ń dùn mí.

Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ ṣeré, Àǹtí Líńdà ní kí n ṣàlàyé. Mo ní oríṣi mẹ́rin ló wà: lọ kí wọn, má gbà á, pa ẹnu mọ́, àti a ó pàdé nílé. Bàbá ìbejì ní kí n ṣe ìkẹrin kí òun rí i. Mo ṣe é. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?" ni Àǹtí Líńdà bi mí.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Wọ́n bí i mọ́ wa ni."

"Kí ló dé tí wọn ò bí i mọ́ Múnírá?"

Mo fẹ́ bínú. Mo wá inú tí mo máa bí, mi ò rí i.

Orí ìjókòó bọ́ọ̀sì, nígbà tí à ń padà sílé, ni mo ti rántí Àǹtí Bọ́sẹ̀. Yàrá méjìlá ni ilé tí wọ́n bí mi sí ní Muṣin, mẹ́fà kọjú sí mẹ́fà, kọ́rídọ̀ wà láàárín. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kan ló wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, Àǹtí Bọ́sẹ̀ sì ni àkọ́bí wọn. Ó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan na bisikíìtì sí mi, Màámi ṣẹ́jú, èmi sì na ọwọ́ gbà á. Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi èékánná já mi létí, ó wọ́ mi lọ sí kọ́rídọ̀.

"Ṣé o ò rí bí Màmá ṣe ń wò ẹ́ ni, òpònú? Tí wọ́n bá wò báyìí, má gbà á. Tí wọ́n bá wá wò báyìí, lọ dọ̀bálẹ̀." Ó ń fi ojú tirẹ̀ ṣe é fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí èmi náà ṣe é fún òun, títí mo fi mọ̀ ọ́n.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ kiri pé ojú ìyá mi ló tọ́ mi, tí mi ò rántí pé ẹnì kan wà nítòsí tó ń túmọ̀ ojú náà fún mi. Ta ló máa túmọ̀ tèmi fún Múnírá? Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ní, bí ọ̀kan bá sì ti ń wọlé láti ibi iṣẹ́, èkejì ti ń wá bàtà. A ń bá ọmọ náà wí ní èdè tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, inú sì ń bí wa pé kò gbọ́. Ó dùn mí. Mo wo ọmọ náà tó ti sùn lé mi lápá, kéèkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ló le jù fún mi. Òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ ló ń darí eré. Òbí ò gbọdọ̀ pàṣẹ, kò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní nǹkan kan, kò gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè, kò gbọdọ̀ rí àléébù. Mo bi Àǹtí Líńdà pé kí ló wá kù tí òbí lè sọ. Ó ní kí n máa sọ ohun tí mo bá rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sílẹ̀, èmi àgbàlagbà tó ti lé lógójì ọdún, tí mò ń wí pé, "O ti gbé ẹṣin sórí òrùlé. Òrùlé ti wó. O tún gbé ẹṣin."

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Múnírá ní òun ò fẹ́ ẹṣin mọ́. Ó ní kí n ṣe ojú tí mo ṣe lọ́jọ́ kéèkì. Mo ṣe é, mo sì sọ fún un ohun tó ń wí. Ó ní kí n ṣe èyí tó kù. Mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń ṣe é tẹ̀ lé mi, ti "a ó pàdé nílé" sì dùn mọ́ ọn ju gbogbo wọn lọ, ó jọ Màámi títí ó fẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ó ṣe ọ̀kan tí mi ò mọ̀. Ó la ojú sílẹ̀ ràngàndàn, ó sì fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú.

Ó wà lẹ́nu mi láti bi í pé kí nìyẹn, àmọ́ ìbéèrè jẹ́ èèwọ̀. Mo ní, "O la ojú. O fi eyín di ètè mú."

Ó tú ètè náà sílẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ariwo ti pọ̀ jù," ló wí. "Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá mú mi, mo máa gé èèyàn jẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo ti bi ọmọ yìí pé kí ló dé tó ń gé èèyàn jẹ. Mo ti fi pẹ̀lẹ́ bi í, mo ti fi ìbínú bi í, mo ti fi ìpápánu bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n kà á léèwọ̀ fún mi láti bi í ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ ṣe ojú náà fún olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó ní òun ti rí i rí. Ó ní òun rò pé ó fẹ́ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. A fẹnu kò pé bó bá ti rí i, kó ní kí Múnírá lọ bomi rin òdòdó lẹ́yìn kíláàsì. Láti ọjọ́ yẹn títí tí táámù fi parí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ju nǹkan, sálúbàtà rírọ̀ ni, kò sì ba ẹnikẹ́ni. Méjì nínú àwọn òdòdó náà rì sómi kú. Ilé ìwé ní ọ̀rọ̀ mímú un lọ sí ibòmíì ti tán, àwọn á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màámi ti ra yunifọ́ọ̀mù. Ní gbogbo Sọ́ńdè tí mo bá pè, wọ́n ti tún ra nǹkan kan kún un: bàtà, fúláàsì omi, bẹ́ẹ̀dì kékeré. Mo fẹ́ sọ fún wọn lórí fóònù pé mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò lè sọ ọ́. Ìyàwó mi ní kí n gbé e lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, kí n ṣe ohun tí mo bá rí pé ó yẹ. Ìyẹn ni pé ó gbé e lé mi lórí.

Nígbà tí a dé Muṣin, mo rí kọ́rídọ̀ wa. Nínú yàrá méjìlá, mẹ́jọ ti di ibi tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ń kó ọjà sí, àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Àǹtí Bọ́sẹ̀ wà ní Kánádà, wọ́n ní àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níbẹ̀. Múnírá sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó padà, ó bi mí ibi tí àwọn ọmọ yòókù wà. Mo ti ń rò ó pé ohun tí mi ò ní nílùú òyìnbó, ó ṣì wà ní Muṣin níbi tí mo fi í sí. Àwa la jẹ́ nǹkan náà, gbogbo wa la sì ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń ta sáyẹ́ńsà mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Màámi na súìtì sí Múnírá. Màámi ṣẹ́jú.

"Ẹ ṣé, sà," ni Múnírá wí, ó kúnlẹ̀. "Mo ti yó."

Màámi yíjú sí mi.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, mà. Nínú ẹgbẹ́ kan, ní gbogbo Ọjọ́rú."

"Àwọn òyìnbó yìí ò níṣẹ́ ṣe," ni Màámi wí, àmọ́ ẹ̀rín ti gba ojú wọn. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Múnírá ń ṣa bọ́tìnnì sọ́tọ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, Màámi sì ń fi ojú rán an níṣẹ́. Mi ò rí ìyá mi kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí bàbá mi ti kú. Mo ń rí i, ọjọ́ sì ń lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo dúró kí wọ́n kírun Àsárì tán.

"Màámi, èmi àti Múnírá la jọ ń padà o."

Wọ́n ká ẹní ìkírun náà, wọ́n tún un ká.

"Mo ti mọ̀. Ara ọmọ náà ti balẹ̀."

"Ó ti ń balẹ̀, mà."

"Ṣé ìwọ rò pé torí ìwà ẹ̀ ni mo ṣe ní kó o gbé e wá?"

Mo gba ẹní náà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mẹ́rin ni mo bí," ni Màámi wí. "Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹyọ kan ní Nàìjíríà. Tí mo bá ní kí ọ̀kan nínú yín padà wálé, ṣé ẹ máa wá? Mo wá gbọ́ pé ọmọ kan ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní, Àlùhámúdù lílàì."

Mo fẹ́ sọ pé a ó máa pè wọ́n lójoojúmọ́. Mo fẹ́ sọ pé a ó wá fún Iléyá. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n ti sọ fún wa pé tí ọmọ bá ń sọ ohun tó ń dùn ún, ká má bá a jiyàn, ká má sì ṣèlérí, ká kàn sọ ohun tí a gbọ́ padà fún un. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ní ká ṣe é fún ìyá ẹni.

"Ẹ̀ ń sọ pé ilé ti dá jù fún yín, mà."

"Ó dá," ni Màámi wí. "Ó dá gan-an." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n rà fún Múnírá, wọ́n sunkún, èmi náà sì sunkún. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ fún ọmọ mi lọ́jọ́ kejì.

A lọ láàárọ̀ Sátidé. Màámi bomi gbígbóná fún Múnírá wẹ̀, wọ́n di irun rẹ̀, wọ́n ká yunifọ́ọ̀mù náà sínú àpótí rẹ̀ pé ó lè máa fi ṣeré. Wọn ò sìn wá dé géètì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù, pé oníbàárà lè ti dé. Aago mẹ́fà ò tíì lù, kò sì sí ẹni tó ń ra síìpù ní aago mẹ́fà.